Ìwé ìhágún àti living trust: èwo ló yẹ onílé Abuja?

Ìwé ìhágún ni ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá tó wà ní Abuja mọ̀. Lọ́yà á kọ ọ́, ẹlẹ́rìí méjì á fọwọ́ sí i, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. (Ẹ má fi ẹni tó máa jogún ṣe ẹlẹ́rìí o, ohun tí ẹ kọ fún un lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.) Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú, ẹ̀ka tó ń rí sí ogún ní Ilé-Ẹjọ́ Gíga gbọ́dọ̀ fàṣẹ sí i kí ẹnikẹ́ni tó pín nǹkan. Ibẹ̀ ni ìyà wà. Mo tẹ̀lé ìyá aládùúgbò wa kan ní Kubwa lọ sí báńkì, ìwé ẹ̀rí ikú ọkọ rẹ̀ wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ̀. Owó wà nínú àkáǹtì, owó ilé-ìwé ọmọ ti tó san, síbẹ̀ wọn ò lè fún un ní kọ́bọ̀.

Ní ti living trust, ojú yín ṣì là sílẹ̀ nígbà tí ẹ ó ti gbé dúkìá lé àwọn alágbàtọ́, ìyẹn àwọn tí ẹ yàn láti máa bójú tó o, lọ́wọ́. Bí àìsàn bá dá yín wólẹ̀, wọ́n á máa gba owó ilé lọ́wọ́ ayálégbé, wọ́n á sì máa fi bọ́ àwọn ọmọ. Ìwé ìhágún kò lè ṣe èyí láéláé. Lóòótọ́, owó rẹ̀ ga jù, ilẹ̀ Abuja sì nílò àṣẹ Mínísítà tó ń ṣàkóso Abuja kí ó tó kúrò lórúkọ yín. Ohun tí ẹ ò bá gbé sínú rẹ̀, kò kàn án.

Lójú tèmi, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré kó fi ilé sínú trust, kó sì kọ ìwé ìhágún fún ìyókù.