Wọ́n ní kí n pa "Yoruba" rẹ́: àgbéyẹ̀wò mi lórí kọ́ọ̀sì DNA àwọn ará ọ̀dàn Àárín Gbùngbùn Éṣíà

"Tí ìlà yẹn bá ń yọ yín lẹ́nu, ẹ lè pa á rẹ́ kúrò nínú fáìlì yín."

Ohun tí òṣìṣẹ́ tó ń dáhùn ìbéèrè akẹ́kọ̀ọ́ kọ sí mi nìyẹn. Mo kà á, mo tún un kà, kí n tó gbà pé bó ṣe kọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ìlà tó ń sọ ni èyí tí wọ́n kọ "Yoruba" sí níwájú. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàọ́lọ́jì. Nítorí náà, ẹ bá mi fara balẹ̀, mo fẹ́ ro ẹjọ́ yìí láti orí dé ìdí.

Kọ́ọ̀sì orí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ó dá lórí DNA tí wọ́n ń yọ lára eegun àwọn tó gbé ọ̀dàn ńlá Éṣíà láyé àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìwé níbẹ̀. Iye fídíò tó wà níbẹ̀ àti àwọn àkòrí rẹ̀ wà lójú ewé tí wọ́n ti ń tà á, mi ò ní tún wọn kà fún yín. Dọ́là nìkan ni wọ́n ń gbà, káàdì náírà kò ṣiṣẹ́, ẹ múra sílẹ̀ fún ìyẹn.

Nígbà tó kan iṣẹ́ àfọwọ́ṣe, wọ́n fún wa ní àtẹ kan tó kún fún orúkọ àwọn ènìyàn àtijọ́ tí wọ́n ti yọ DNA lára eegun wọn: Yamnaya, Afanasievo, Botai, Sintashta, àti ọmọdékùnrin Mal'ta tí wọ́n hú eegun rẹ̀ nítòsí adágún Baikal, ẹni tó ti kú láti nǹkan bí ọdún 24,000 sẹ́yìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò kọ̀ọ̀kan, ṣáájú gbogbo àwọn ará ọ̀dàn wọ̀nyí, "Yoruba" ló wà. Kò sí àlàyé kankan. Fídíò tó ṣáájú rẹ̀ kò dárúkọ wa, ìwé tí wọ́n ní ká kà mọ́ ọn kò dárúkọ wa. Kí ni Yorùbá ń wá láàárín òkú Kazakhstan àti ti òkè Altai ní Siberia?

Mo kọ̀wé béèrè. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn: wọ́n dúpẹ́ pé mo kàn sí wọn, wọ́n ti yẹ fáìlì náà wò, kò bàjẹ́. Èmi kò sọ pé ó bàjẹ́. Mo tún kọ̀wé, mo bẹ̀ wọ́n pé ènìyàn ni kó dá mi lóhùn. Ènìyàn dáhùn lóòótọ́, ó ní àmì lásán ni, pé ó wọ́pọ̀ nínú irú iṣẹ́ yìí, pé kí n máa bá ẹ̀kọ́ mi lọ. Mo ní àmì kí ni? Ẹ̀jẹ̀ ta ni wọ́n yọ ọ́ lára rẹ̀? Ta ló gbà á, níbo? Ìgbà yẹn ló wá sọ pé kí n pa á rẹ́.

Mo ṣe bó ṣe wí. Mo pa ìlà náà rẹ́, mo ní kí ẹ̀rọ ṣe ìṣirò, ẹ̀rọ kọ̀. Kò lè ṣe kó má kọ̀, nítorí ìdánwò tí wọ́n ń pè ní f4, èyí tí wọ́n fi ń mọ àwọn ẹ̀yà tó bá ara wọn tan jù, kì í ṣiṣẹ́ láìsí ẹ̀yà mẹ́rin, mẹ́ta ló sì kù lẹ́yìn tí mo yọ wa kúrò. Mo ya àwòrán ohun tí ẹ̀rọ sọ, mo fi ránṣẹ́ sí i. Ohun tó fi dá mi lóhùn ni ìlànà bí wọ́n ṣe ń dá owó padà. Ta ló béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí inú fi bí mi tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Ìbàdàn wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún HapMap, iṣẹ́ ńlá tí orílẹ̀-èdè púpọ̀ pawọ́ pọ̀ ṣe láti mọ ibi tí DNA ọmọ aráyé ti yàtọ̀ síra wọn. Èsì àkọ́kọ́ jáde ní 2005. Ènìyàn 90 ló wá láti Ìbàdàn, ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Rotimi, ọmọ Nàìjíríà, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ jókòó bá àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀, wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ náà ṣe kí wọ́n tó gbà á. Láti ìgbà náà, DNA àwọn ènìyàn wa ti wà nínú iṣẹ́ tó pọ̀ ju ohun tí àwọn tó fi í sílẹ̀ lè fọkàn rò lọ. Nígbà tí onímọ̀ DNA àtijọ́ Svante Pääbo àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé DNA Neanderthal, ẹ̀yà ènìyàn àtijọ́ tó ti run, jáde ní 2010, ènìyàn òde òní márùn-ún ni wọ́n fi wé e, Yorùbá kan wà nínú wọn. Àwọn ìyá àti bàbá tó na apá fún abẹ́rẹ́ ní Ìbàdàn kì í ṣe àmì lásán. Ẹni tó ń gba owó lórí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi DNA wọn kọ́, ó yẹ kó lè sọ ibi tí ó ti wá.

Ibi tí mo bá a dé rèé tí mo fi fẹ́ kọ àgbéyẹ̀wò yìí kí n sì fún wọn ní ìràwọ̀ kan péré. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́tà wọlé láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá àyẹ̀wò tí wọ́n ti ń yọ DNA lára eegun. Ọ̀rọ̀ tó fi bẹ̀rẹ̀ ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á rẹ́." Ó bẹ̀bẹ̀ fún èsì tí wọ́n fún mi, ó ní òun kò mọ̀ pé ìbéèrè náà wá rárá, ó sì bi mí bóyá màá gbà kí òun fi ìbéèrè mi bẹ̀rẹ̀ kíláàsì ojúkojú orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀. Mo gbà.

Kíláàsì yẹn nìkan tó owó tí mo san. Ó ní tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá ń jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn, ẹni tí kò bá ìkankan nínú wọn tan ni à ń pè pé kó wá wọn ilẹ̀. (Kò mọ̀ pé bí àwa náà ṣe ń ṣe é nílé gan-an nìyẹn.) Baba ńlá Yorùbá àti baba ńlá àwọn ará ọ̀dàn ti yà kúrò lára ara wọn kí àwọn ènìyàn tó tàn ká Yúróòpù àti Éṣíà, nítorí náà Yorùbá kò sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ. Ohun tó bá pa Mal'ta àti Botai pọ̀ tí kò sí lára Yorùbá, a lè gbà pé ẹ̀yìn ìyapa yẹn ló ti wá.

Ó wá ṣe é lójú wa. Yorùbá ní àkọ́kọ́, Mal'ta tẹ̀lé e, Yamnaya ní ìkẹta, Botai ní ìkẹrin. Bí nọ́mbà tó jáde bá ju òdo lọ, Botai ló bá Mal'ta tan jù; bí kò bá tó òdo, Yamnaya ni. Ó ju òdo lọ. Ó tún gbé Botai àti Yamnaya pààrọ̀ ipò kí a lè rí i bí nọ́mbà kan náà ṣe ń yí sí òdì kejì. Ó dúró de gbogbo ẹni tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ṣe ségesège, kò fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀ sẹ́yìn.

Láti orí nọ́mbà yẹn ló ti mú wa wọ ọ̀rọ̀ Botai, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo kọ́ọ̀sì yìí. Àríwá Kazakhstan ni wọ́n gbé, ní nǹkan bí 3500 ṣáájú ìbí Kristi. Ẹran ẹṣin ni wọ́n ń jẹ jù, eegun ẹṣin ló sì pọ̀ jù nínú eegun ẹran tí wọ́n hú níbẹ̀. Ní 2009, àwọn olùwádìí ní àwọn rí ọ̀rá wàrà ẹṣin nínú ìkòkò wọn àti àpá ìjánu lára eyín ẹṣin, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ibẹ̀ ni ẹṣin ilé ti ṣẹ̀. Àfi ìgbà tí DNA sọ̀rọ̀ ní 2018: ẹṣin Botai ni baba ńlá ẹṣin Przewalski, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹṣin igbó títí dìgbà náà, kì í ṣe baba ńlá ẹṣin tí à ń gùn lónìí. Iṣẹ́ mìíràn ní 2021 wá fi hàn pé agbègbè ìsàlẹ̀ odò Volga àti Don ni tiwa ti wá, tó sì tàn ká ní nǹkan bí 2000 ṣáájú ìbí Kristi. Tiwa tí mo wí yẹn, mo fi ẹṣin àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́ àti ẹṣin Ìlọrin kún un, nítorí ìran kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ẹṣin ilé ayé òde òní.

Àwọn Afanasievo náà yà mí lẹ́nu. Òkè Altai ni ibojì wọn wà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí ibi tí Yamnaya wà ní ìwọ̀ oòrùn, síbẹ̀ DNA àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Àwọn Botai wà láàárín ojú ọ̀nà, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ Yamnaya lára wọn. Lára eyín àwọn ará Afanasievo kan náà ni wọ́n ti rí kòkòrò àjàkálẹ̀ àrùn Yersinia pestis nínú iṣẹ́ tó jáde ní 2015. Olùkọ́ yìí sọ ìyẹn pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òkú ẹbí rẹ̀.

Ẹnìkan láti Kánò béèrè ìdí tí eegun ayé àtijọ́ tiwa kò fi sí nínú irú iṣẹ́ yìí. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ooru ń jẹ DNA, òtútù Altai ń pa á mọ́. Owó àti yàrá àyẹ̀wò náà sì wà níbi tí wọ́n wà. Ó wá fi Shum Laka ní Kamẹrúùnù hàn wá, níbi tí wọ́n ti yọ DNA lára ọmọdé mẹ́rin, méjì láti nǹkan bí ọdún 8,000 sẹ́yìn, méjì láti nǹkan bí 3,000. Ọdún 2020 ni iṣẹ́ náà jáde. Mo kọ ọ́ sórí pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ́jọ́ kejì.

Kí inú mi má bàa dùn jù, fídíò Tarim ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n ṣì ń sọ nínú rẹ̀ pé àwọn òkú tó gbẹ sínú iyanrìn aṣálẹ̀ Tarim, ní ìwọ̀ oòrùn Ṣáínà, jẹ́ ọmọ àwọn ará Afanasievo tó ṣí wá láti ìwọ̀ oòrùn, pé ìrísí ojú wọn fi í hàn. Iṣẹ́ 2021 ti da ìyẹn nù. Òkú 13 ni wọ́n yẹ̀ wò, tí wọ́n kú láàárín nǹkan bí 2100 sí 1700 ṣáájú ìbí Kristi; ìran Éṣíà àtijọ́ kan tó bá Mal'ta tan ni wọ́n, kò sí ẹ̀jẹ̀ Afanasievo lára wọn. Wọ́n ń mu wàrà bí àwọn aládùúgbò wọn, ó hàn nínú ìdọ̀tí tó le mọ́ wọn léyín, ṣùgbọ́n wọn kò bá wọn bímọ. Ìtàn tòótọ́ yìí dùn ju irọ́ tó wà nínú fídíò lọ fíìfíì! Mo kọ̀wé, òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ náà ló tún dáhùn: wọ́n ti gbọ́. Títí di àsìkò yìí, fídíò náà kò yí padà, òṣìṣẹ́ náà kò sì tọrọ àforíjì.

Ohun tó yí padà ni fáìlì iṣẹ́ àfọwọ́ṣe. Ojú ewé kan ti wọ inú rẹ̀, olùkọ́ náà ló kọ ọ́, ó sọ pé ará Ìbàdàn ni àwọn tó fi DNA tí a kọ "Yoruba" sí sílẹ̀, ó sọ HapMap, ó sọ ọdún rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ra kọ́ọ̀sì náà tẹ́lẹ̀, ẹ tún fáìlì náà gbà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ rà á, ẹ fo fídíò Tarim, ẹ má sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ àwọn tó ń dáhùn lẹ́tà; kíláàsì ojúkojú ni kí ẹ gbé ìbéèrè yín lọ.

Ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún.