Ṣọ́ọ̀kì olóìlì tí a fi dá tírọ́lì ẹrù wa dúró: ó dáa, àmọ́ ó ní àbùkù

Ilé iṣẹ́ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ni mo ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, lọ́nà Asa Dam níbí n'Ílọrin. Tírọ́lì orí irin ló ń kó àpò láti ìdí ẹ̀rọ lọ sí sítọ́ọ̀. Kò ní awakọ̀, sẹ́ńsọ̀, ojú tí ẹ̀rọ fi ń ríran, ló ń dá a dúró. Tí eruku bá wá pàdé ọyẹ́, sẹ́ńsọ̀ kì í ríran mọ́. Ìkangun irin ni tírọ́lì ń lọ forí sọ.

Rọ́bà ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Rọ́bà kì í pa agbára tó bẹ́ẹ̀, ṣe ló ń dá èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ padà: tírọ́lì á ta sẹ́yìn, àpò òkè á ya lulẹ̀. Alhaja tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ fárí gá: "Ẹ̀yin ẹlẹ́rọ wọ̀nyí, ẹ ò ní pa ọmọ ọlọ́mọ sí mi lọ́rùn!"

Ọ́ìlì ló wà nínú ṣọ́ọ̀kì tí a fi rọ́pò rẹ̀. Bí tírọ́lì bá ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé, ọ́ìlì á máa fipá gba àwọn ihò tín-ín-rín, agbára yẹn á sì di ooru. Ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbà á léraléra, ẹ ó rí i pé ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tírọ́lì kì í ta padà mọ́, á kàn rọra jókòó sí i ni.

Ẹ má fojú díwọ̀n rà á o. Ẹrù 500 kg tó ń sáré mítà 1 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, agbára joule 250 ló gbé wá (joule ni a fi ń wọn agbára). Ẹ sọ eré náà di mítà 2, ó di 1,000. Eré burú ju ìwúwo lọ. Ẹni tó ta tiwa béèrè méjèèjì, ó tún béèrè iye ìgbà tí yóò gbà á láàárín wákàtí kan, nítorí ooru. Òǹtajà tí kò bá béèrè, ẹ kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹnìkan tiẹ̀ ní ká lọ ra tòkúnbọ̀ ti mọ́tò! Ìyẹn wà láti pa gbígbọ̀n sípíríǹgì ni, wọn ò ṣe é láti fàyà gba ẹrù tó ń sáré bọ̀.

Àbùkù rẹ̀? Ó wọ́n, kò sì fẹ́ ká gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹsẹ̀ tírọ́lì kan ti jẹ, ló bá ń gbá ṣọ́ọ̀kì ti ọwọ́ òsì ní ìdagun, títí sílì tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde fi ya, tí ọ́ìlì ń jò. A tún ẹsẹ̀ náà ṣe, a sì jó irin líle kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀kì kí ọ̀pá má bàa wọlé kan ìdí. Sílì ọ̀hún kò sí n'Ílọrin, Èkó la ti ránṣẹ́ sí i, tírọ́lì sì dúró títí ó fi dé. Ẹ ra sílì pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà á.