BCM Ọkọ̀ Tó Bàjẹ́: Ìfiwéra Tuntun, Àlòkù, Èyí Tí Wọ́n Ti Tún Ṣe àti Títún Tiwa Ṣe

Bí iná inú ọkọ̀ bá ń tàn fúnra rẹ̀ lóru, tí wáípà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a tẹ tíráfíkétọ̀, tí kọ́kọ́rọ́ sì ń ti ilẹ̀kùn kan tó ń ṣí èkejì, ohun tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu rẹ́wáyà ni pé BCM (Body Control Module, àpótí tó ń darí àwọn ohun oníná inú ọkọ̀) ti lọ. Àpótí pẹlẹbẹ yìí, tó sábà máa ń wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń dé, ló ń gba àṣẹ láti ara bọ́tìnì, tó sì ń pín iná fún fèrè, wáípà, gíláàsì, ìtìpa ilẹ̀kùn àti àwọn iná ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, òun náà ló ń dá kọ́kọ́rọ́ mọ̀ kí ọkọ̀ tó lè sítáàtì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra òmíràn kò ra ike àti wáyà lásán. Àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ ló ń rà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ (VIN), kóòdù àwọn kọ́kọ́rọ́, àti irú ohun èlò tí wọ́n kó sínú ọkọ̀ náà láti ilé iṣẹ́. Inú àkọsílẹ̀ yìí ni ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù láàárín àwọn ọ̀nà tí mo fẹ́ fi wéra wà.

Orúkọ rẹ̀ kò dọ́gba níbi gbogbo. Mercedes-Benz ń pè é ní SAM, Peugeot àti Citroën ń pè é ní BSI, Renault ń pè é ní UCH, Ford lo orúkọ GEM fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọkọ̀ BMW kan sì ní FRM. Orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yín ń lò ni kí ẹ fi béèrè, kí olùtà má baà gbé ohun mìíràn lé yín lọ́wọ́.

Kí a tó ná owó rárá

Ọ̀pọ̀ BCM tí wọ́n ń yọ dànù ni kò ní àléébù kankan. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n: bí ọkọ̀ bá ti sinmi, ó yẹ kó wà ní nǹkan bí 12.6 fóòtì (volt), bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́, ó sábà máa ń wà láàárín 13.5 sí 14.7. Bátìrì tó ti rẹ̀ lè mú kí ọkọ̀ máa ṣe wéréwéré bí ẹni pé gbogbo wáyà rẹ̀ ti dàrú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mítà yẹ fíúsì wò ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí ojú lásán kì í rí fíúsì tó ti là tán. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ sì wọ̀n láti ojú wáyà ẹ́ẹ̀tì BCM (wáyà tó so mọ́ irin ara ọkọ̀) dé orí òdì bátìrì. Bí ó bá ju 0.2 fóòtì lọ, ẹ́ẹ̀tì ló níṣòro.

Skánà (ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú àpótí oníná ọkọ̀) olówó pọ́ọ́kú tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan kò wúlò níbí. Ẹ nílò èyí tó ń wọlé dé BCM fúnra rẹ̀, tó ń ka àwọn kóòdù àṣìṣe tó fi B àti U bẹ̀rẹ̀. Kóòdù U0140 túmọ̀ sí pé àwọn àpótí oníná yòókù inú ọkọ̀ kò gbọ́ ohùn BCM mọ́, ṣùgbọ́n kò sọ pé ó ti kú: fíúsì tó jó tàbí wáyà tó já lè mú un jáde bákan náà. Ẹ yọ bátìrì, kí ẹ wọ̀n láàárín ojú 6 àti ojú 14 nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tí skánà ń wọ̀. Nǹkan bí 60 ohm ló yẹ kí ẹ rí. Bí ó bá jẹ́ 120, ẹ̀gbẹ́ kan lára wáyà CAN (wáyà méjì tí àwọn àpótí fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀) ti já; bí ó bá sún mọ́ òdo, wáyà méjèèjì ti fara kanra. Àmọ́ nínú àwọn ọkọ̀ tuntun kan, àpótí mìíràn ló wà láàárín sọ́kẹ́ẹ̀tì náà àti ìyókù wáyà, nítorí náà wíwọ̀n yìí kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn.

Ẹ̀rí tó dájú jù ni kí skánà pàṣẹ fún BCM pé kó tan iná kan tí kò tàn. Bí àṣẹ bá wọlé, tí iná tó ń wọ BCM àti ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì dára, ṣùgbọ́n tí ohunkóhun kò jáde lójú wáyà tó ń lọ síbi gílóòbù, BCM ló jẹ̀bi. Kódà nígbà náà, ẹ ṣọ́ra: àwọn FRM kan nínú BMW máa ń ka iye ìgbà tí wáyà fara kanra, tí wọ́n á sì ti ojú náà pa. Skánà tó yẹ lè ṣí i padà láìra ohunkóhun.

Mo rántí ọkọ̀ kan tí wọ́n gbé wá lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ ti ra BCM ẹlẹ́ẹ̀kejì. A fa sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yọ, lulú àwọ̀ ewé ti bo ojú méjì nínú rẹ̀, ẹ̀kán omi kan sì rọ̀ sábẹ́ ike náà. Ihò tí omi ojò ń gbà jáde láti ara gíláàsì òrùlé ni ewé ti dí, omi wá ń gba ara òpó ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sórí BCM. Èyí tuntun náà ti ń mu omi.

Tuntun

BCM tuntun ní àǹfààní tó hàn: kò sí ẹni tó ti lò ó, ilé iṣẹ́ lè ti tún àṣìṣe ti àtijọ́ ṣe nínú rẹ̀, ó sì ní wáráńtì olùtà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òfìfo ló sábà máa ń wá. Ẹ gbọ́dọ̀ rí ẹni tó ní ohun èlò ilé iṣẹ́ náà, tàbí ẹ̀rọ J2534 (èyí tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ọkọ̀) pẹ̀lú àṣẹ láti wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́, tí yóò kọ VIN àti kọ́kọ́rọ́ yín sínú rẹ̀. Owó iṣẹ́ yìí kì í sí nínú iye tí wọ́n kọ sára páálí. Ọ̀pọ̀ olùtà kì í sì í gba nǹkan oníná padà tí a bá ti fi sínú ọkọ̀, ìyẹn ni pé bí àyẹ̀wò bá ṣìnà, owó náà ti lọ. Mo gbà pé tuntun yẹ fún ọkọ̀ tí kò tíì gbó, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń ṣe é, tí ẹni tó máa kọ ọ́ sì wà nítòsí.

Àlòkù

Owó pọ́ọ́kú ló ń mú wa lọ sọ́dọ̀ àlòkù, àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ẹlòmíràn ló sì wà nínú rẹ̀. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, a lè nù ún, kí a sì kọ tiwa sí i. Nínú àwọn mìíràn, ó ti so mọ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ títí láé. BSI ti Peugeot àti Citroën, fún àpẹẹrẹ, so pọ̀ mọ́ àpótí ẹ́ńjìnnì àti kọ́kọ́rọ́ nípa kóòdù, ìdí nìyí tí àwọn olùtà kan fi ń ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Nọ́ńbà tó wà lára àpótí gbọ́dọ̀ bá tiyín mu dé lẹ́tà ìkẹyìn. Bí wọ́n bá gbé e lé yín lọ́wọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti jó, ẹ wo etí ike bóyá wọ́n ti fi ọ̀bẹ ṣí i, kí ẹ sì tan iná sáàárín ojú wáyà rẹ̀. Bí ẹ bá rí lulú àwọ̀ ewé tàbí ìlà ẹrẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, inú ọkọ̀ tí omi bò ló ti wá. Ẹ dá a padà.

Èyí tí wọ́n ti tún ṣe

Olùtà yóò gba VIN yín, yóò kọ ọ́ sínú àpótí tí wọ́n ti tún ṣe, yóò sì fi í ránṣẹ́. Owó rẹ̀ sábà máa ń dín sí ti tuntun, kì í sì í yọni lẹ́nu tó àlòkù. Wọ́n sábà máa ń gba owó ìdúró tí wọn yóò dá padà nígbà tí àpótí àtijọ́ bá dé ọwọ́ wọn. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ló máa ń ṣẹ́ kù láti kọ sínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tó máa ṣe é kí ẹ tó sanwó.

Títún tiwa ṣe, àti dídà á kọ

Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù, bí ọkọ̀ kò bá jẹ́ ti iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí kò lè dúró. A yọ àpótí náà, a gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ pátákó oníná inú rẹ̀, ó pààrọ̀ rílé (ohun tó ń tan iná tó sì ń pa á) tó jó tàbí ó fi lẹ́ẹ̀dì (òjé yíyọ́) tún ojú tó ti là ṣe, ó sì padà wá pẹ̀lú VIN àti kọ́kọ́rọ́ wa gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wà. Kò sí kíkọ nǹkan kan. FRM3 ti BMW jẹ́ àpẹẹrẹ rere: àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ lè bàjẹ́ nígbà tí bátìrì bá kú tàbí tí a yọ ọ́, tí iná àti gíláàsì kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ a lè dá àkọsílẹ̀ náà padà láìpààrọ̀ ohunkóhun. Àléébù rẹ̀ ni pé ọkọ̀ yóò dúró, àti pé pátákó tí omi ti jẹ inú rẹ̀ kì í ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé lẹ́yìn títúnṣe.

Bí pátákó bá ti kú ṣùgbọ́n tí ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè, a lè da gbogbo rẹ̀ kọ sínú àlòkù tí nọ́ńbà rẹ̀ bá a mu. Èyí so owó pọ́ọ́kú àlòkù pọ̀ mọ́ ìrọ̀rùn títúnṣe, ṣùgbọ́n àpótí àtijọ́ gbọ́dọ̀ wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jù ú nù, ẹ má sì dá a padà fún owó ìdúró kí ọkọ̀ tó ṣiṣẹ́ tán.

Ọjọ́ tí a óò fi sí i

Kí wọ́n tó yọ ti àtijọ́, kí skánà ka ìtòlẹ́sẹẹsẹ inú rẹ̀ kí wọ́n sì fi pamọ́, bí ó bá ṣì ń dáhùn. Ibi tí omi ti ń wọlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ dí. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ tuntun, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, nítorí bí iná bá rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìkọ̀wé, àpótí tuntun lè kú lójú ẹsẹ̀. Àwọn ọkọ̀ General Motors kan tó ní Passlock (ètò tó ń dènà olè) nílò nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú kí ètò náà tó gba BCM tuntun, nítorí náà bí kò bá sítáàtì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò tíì di ẹjọ́ olùtà.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n ti ọkọ̀ pa, kí wọ́n jẹ́ kó sùn fún nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì wọ̀n iná tí ọkọ̀ ń fà láti ara bátìrì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, kò yẹ kó ju 50 milliamp lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ pé BCM náà kò sùn, ó sì lè jẹ bátìrì tán. Ẹ di ìyókù owó iṣẹ́ mú títí ẹ ó fi rí nọ́ńbà yẹn lójú mítà.