Core mẹ́jọ, 5000 mAh, fóònù yìí sì kú mọ́ mi lọ́wọ́ níwájú oníbàárà

Mi ò ní sọ̀rọ̀ kámẹ́rà o, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ bí ojú ẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, gbogbo ìyẹn wà lára páálí. Bátìrì ni mo bá wá. 5000 mAh, ìyẹn ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà, ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹni tó tà á fún mi sì búra pé tí mo bá ti yọ ọ́ nínú iná láàárọ̀, ó di alẹ́ kí n tó tún wá ṣáájà. Kò parọ́ nígbà yẹn. A ti ń bá a bọ̀ jẹ́jẹ́, àfìgbà tí update kan wọlé lóru, láti ọjọ́ náà ni bátìrì ti ń tán lọ́sàn-án gangan.

Léèsì ni mò ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn. Oníbàárà mi kan tó wà ní Peckham, ní London, fẹ́ kó aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀, ló bá pè mí lórí WhatsApp video kó lè fojú ara ẹ̀ rí ọjà. Mò ń na léèsì, mò ń yí i síbi oòrùn kó lè rí bí òkúta ara ẹ̀ ṣe ń dán, a ti mú àwọ̀ wáìnì, ó ní kí n má tà á fún ẹlòmíì, ó kù ká sọ iye. Fóònù wà ní 31%, ojú mi ló ṣe. Ẹ̀yìn ẹ̀ ti gbóná débi pé mò ń fi ọwọ́ gbọwọ́, ká tó wí ká tó fọ̀, ojú ẹ̀ ṣú, ó kú. Mo tẹ bọ́tìnnì títí, kò dá mi lóhùn. NEPA ò sí. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù kejì ló bá mi kì í bọ jẹ́nẹ́ ẹ̀, nígbà tó máa fi jí, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni, "Mo rò pé ọjà yẹn ò pé lọ́wọ́ yín ni, mo ti rà á níbòmíì." Aṣọ ẹbí odidi ìdílé! Mi ò lè jẹun.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù náà tún un ṣe. Ọmọbìnrin tó wà ní káńtà ń jẹ chin-chin, kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Mà, ẹ dín brightness kù." Mo ní mo ti dín in kù. Ó ní, "Octa-core ni, core mẹ́jọ ló ń jẹ bátìrì, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ inú fóònù ni wọ́n ń pè ní core. Mo ní ta ló ní kẹ́ ẹ fi mẹ́jọ sí i? Ó ní páálí ńkọ́, mo gbé páálí síwájú ẹ̀. Ó ní risíìtì ńkọ́, mo fi risíìtì lé e. Ó fi ìka olóróró yẹn gbé risíìtì mi sókè, ó gbé e sínú iná wò bí ẹni ń wò bóyá owó ayédèrú ni, ó ní sítáǹpù ẹ̀ ò hàn. Àmì ìka ẹ̀ ṣì wà lára risíìtì náà dòní. Ibẹ̀ ni mo ti pariwo.

Ariwo yẹn ló mú ọmọkùnrin kan jáde látẹ̀yìn gíláàsì. "Mọ́mì, ẹ má bínú, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n wò ó." Àsé èèyàn wà níbẹ̀! Ó gbé àpù kan sí i tó ń fi eré core kọ̀ọ̀kan hàn, kéékèèké mẹ́fà, ńlá méjì. Fóònù wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ àwọn ńlá méjèèjì dúró sí 2.0 GHz (GHz ni wọ́n fi ń ka eré wọn), wọn ò sọ̀kalẹ̀. Ó ní àìsàn ẹ̀ nìyẹn, pé core mẹ́jọ fúnra ẹ̀ kì í jẹ bátìrì. Iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́, bíi mẹ́sẹ́ẹ̀jì àti orin, àwọn kéékèèké ló yẹ kó ṣe é káwọn ńlá lọ sùn. Torí eré kì í pọ̀ kí volt má gòkè, tí volt bá sì di ìlọ́po méjì, iná tó ń jẹ á di ìlọ́po mẹ́rin, ti eré ò tíì sí níbẹ̀ o. Core ńlá tí ò sùn dà bí ká tan jẹ́nẹ́ ilé ìtura nítorí gílóòbù kan. Ó ní ARM, ilé iṣẹ́ tó ń ya àwòrán core, ló gbé ètò ńlá-pẹ̀lú-kékeré yìí jáde ní 2011, pé àwọn Samsung Galaxy S4 ti 2013 tí wọ́n ní ó ní core mẹ́jọ, mẹ́rin péré ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo lo S4 o, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi!

Ta wá ni kò jẹ́ kí wọ́n sùn? Àpù kan tó ní òun ń "fọ" fóònù, tí wọ́n kó sínú ẹ̀ láti ilé iṣẹ́, tí èèyàn ò lè yọ kúrò. Update ọjọ́sí ló jí i. Mo ní ẹ̀yin náà lẹ fi sí i! Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní "Mọ́mì, èmi kọ́." Ó ti í pa. Ó ní ọjọ́ tó kú yẹn, ooru ló pa á, ó pa ara ẹ̀ kó má bàa bàjẹ́ ni, ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì ò fi ṣiṣẹ́ àfìgbà tó tutù. Ó bi mí nípa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní báà kan, ó ní ìyẹn náà dá sí i, torí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti jìnnà, agbára tí fóònù máa fi ránṣẹ́ á pọ̀ sí i. Ó ní lọ́jọ́ míì kí n má ka core mọ́, kí n bi wọ́n pé nanometer mélòó, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń pe irú chip tí core wà nínú ẹ̀, tó bá kéré, iná tó ń jẹ máa ń dín kù, pé 12 ni tèmi, tí mo bá rí 6, kí n mú un.

Kí n sòótọ́, ó ti yàtọ̀. Mò ń ti ṣọ́ọ̀bù, mò ń délé, mò ń wo fíìmù, bátìrì ṣì ń kù. Video call nínú oòrùn ṣì ń mú un gbóná ṣá. Àmọ́ nígbà tí mò ń jáde lọ́jọ́ yẹn, ọmọ oníchin-chin yìí ní kí n san owó software, lórí fóònù tó ṣì wà nínú wọ́ráńtì! Mo ní kó kọ risíìtì ẹ̀ fún mi, ó ní kò sí risíìtì fún ìyẹn, mo ní owó náà ò sí nìyẹn. Mo fún ọmọkùnrin yẹn lówó omi, kò gbà á.

Máàkù mi: 2 nínú 5. Àbúrò mi ní kí n bá òun ra irú ẹ̀, màá rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, búlúù ló ní òun fẹ́.