Clevidipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó funfun bíi wàrà: bí mo ṣe rí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bèèrè pé ṣé "nano" tí wọ́n ń pariwo ẹ̀ yìí, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi sínú nǹkan wínníwínní tí ojú lásán ò lè rí, tiẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ fún ẹ̀jẹ̀ ríru níbì kankan, ẹ jẹ́ n sọ ti clevidipine, torí èmi fúnra mi ni mo máa ń so ó mọ́ aláìsàn. Nọ́ọ̀sì ni mí, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an ni mo wà, àwọn tí BP wọn (bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru sí) fò sókè débi pé ó fẹ́ ba ọpọlọ tàbí ọkàn jẹ́ ni wọ́n ń gbé wá bá wa.

Oògùn yìí ò lè yòrò nínú omi, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi sínú òróró sóyà, wọ́n wá fi ọ̀rá inú ẹyin mú òróró yẹn káàkiri inú omi ní ẹ̀kán wínníwínní tí ojú lásán ò lè rí, ohun tó jẹ́ kó funfun nínú igò nìyẹn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́dún 2008. Kí n tó so ó, mo máa ń yí igò ẹ̀ dorí kodò jẹ́jẹ́ nígbà mélòó kan kó lè pò dáadáa, tí àwọ̀ ẹ̀ bá ti yàtọ̀ tàbí tí mo bá rí nǹkan tó ń léfòó nínú ẹ̀, mi ò ní lò ó.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni bó ṣe ń gbọ́rọ̀ sí wa lẹ́nu. Mílígíráàmù 1 sí 2 láàárín wákàtí kan la fi ń bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀rẹ̀ a lè sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 90, bí ìṣẹ́jú 2 sí 4 bá fi máa pé, BP ti ń wálẹ̀ lójú ẹ̀rọ, ẹ ó sì máa wò ó. Tó bá wá fẹ́ wálẹ̀ jù ńkọ́? Ẹ pa pọ́ńpù tó ń ti oògùn náà sínú iṣan aláìsàn, láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 15 BP á ti gòkè padà, torí inú ẹ̀jẹ̀ gan-an ni ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà ara tó ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́, ti ń fọ́ ọ, kì í dúró de ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín. Ẹni tí kíndìnrín ẹ̀ ti ń ṣe ségesège, ọkàn mi máa ń balẹ̀ gan-an tí mo bá ń lò ó fún un.

Àmọ́ wàhálà ẹ̀ náà wà o. Tí ara èèyàn ò bá gba ẹyin tàbí sóyà, kò gbọ́dọ̀ gbà á, nítorí náà ẹ máa bi mọ̀lẹ́bí aláìsàn léèrè tí òun fúnra ẹ̀ ò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ má kàn máa gbé igò kọ́. Ẹni tí ara ẹ̀ ò lè lo ọ̀rá bó ṣe yẹ náà ò gbọ́dọ̀ gbà á, àtẹni tí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde nínú ọkàn ẹ̀ ti há gan-an. Kòkòrò àrùn máa ń yára hù nínú ọ̀rá, torí ẹ̀ tá a bá ti gún igò, ó ti di ohun tí a ò gbọ́dọ̀ lò kọjá wákàtí 12, bó ṣẹ́ kù bí kò ṣẹ́ kù, dídà ni. Ó máa ń dùn mí láti da oògùn tó dáa nù, ṣùgbọ́n kò sí ohun tá a lè ṣe sí i. Ọkàn aláìsàn sì lè máa sáré díẹ̀.

Ní ti iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú tó gbóná nínú, clevidipine ò wò ó o, ẹ̀kán òróró ẹ̀ kàn ń gbé oògùn ni, kò mọ ibi tó ń dùn. Irú nano tó ń wá ibi tó ń dùn lọ ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣèwádìí: tí ara inú iṣan bá ti wú, púrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní VCAM-1 máa ń yọ síta lójú ẹ̀, wọ́n sì ń fi ohun tó lè di VCAM-1 mú sára nano yẹn kó lè dúró síbẹ̀. Ó ti ṣiṣẹ́ lára eku, ẹ̀dọ̀ àti ọlọ inú (spleen) sì ń gba púpọ̀ nínú ẹ̀ kó tó débẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ń ta kápúsù "nano" fún yín pé ẹ jáwọ́ lára oògùn BP yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lóhùn, ẹ̀mí yín ni.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún clevidipine. Inú ọsibítù nìkan ni wọ́n ti ń lò ó, tí wọ́n bá sì ti fún aláìsàn fún ìgbà pípẹ́, tí wọ́n wá yọ ọ́ láìtíì gbé e sórí oògùn mìíràn, ẹ bá mi ṣọ́ BP ẹ̀ fún wákàtí 8 ó kéré tán, torí ó lè tún fò sókè.