Ọdún mẹ́ta tí a ti ń fi GitHub tọ́jú kóòdù ìwádìí wa ní Àkọkà

Àwa mẹ́jọ ni a jọ ń ṣe ìwádìí lórí bí omi Ọ̀sà Èkó ṣe ń kún tí ó sì ń fà, Python ni a sì fi ń kọ gbogbo kóòdù ìṣirò wa. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo GitHub, ìkànnì tí a ti ń tọ́jú kóòdù tí a sì ti jọ ń ṣiṣẹ́ lé e lórí, inú fílásì àti orí WhatsApp ni kóòdù wọ̀nyí máa ń wà. Ẹnì kan á pe tirẹ̀ ní "ìkẹyìn", ẹlòmíràn á pe tirẹ̀ ní "ìkẹyìn gan-an". Nígbà tí ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa gba oyè ọ̀mọ̀wé tí wọ́n sì lọ sí Kánádà, kọ̀ǹpútà wọn bàjẹ́ kí a tó ráyè gba kóòdù ọdún méjì lọ́wọ́ wọn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni a fi tún un kọ.

Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé ohun tí mo fẹ́ràn jù lórí GitHub ni àkáǹtì ẹgbẹ́, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní organization. Abẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ni repo (àpò tí kóòdù iṣẹ́ kan àti ìtàn rẹ̀ wà) wà, kì í ṣe abẹ́ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kankan, nítorí náà ẹni tó bá parí lè máa lọ kí kóòdù sì dúró. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, ẹgbẹ́ tí kò san kọ́bọ̀ lè ní repo àdáni, kí iye ènìyàn tó bá wù ú sì jọ máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Mo rọ ẹgbẹ́ yòówù kí ó fi ènìyàn méjì, ó kéré tán, ṣe alákòóso.

Git, ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ìtàn àtúnṣe kóòdù, tí Linus Torvalds kọ́kọ́ ṣe ní 2005, yàtọ̀ sí GitHub tí ó dé ní 2008. Git ni ó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, tí ó sì gbé ìtàn iṣẹ́ náà dání látòkèdélẹ̀, nítorí náà bí dátà bá tán lọ́wọ́ mi, mo ṣì lè máa ṣe commit (kí n fi àtúnṣe kọ̀ọ̀kan pamọ́ pẹ̀lú àlàyé rẹ̀) lọ títí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yóò fi dé.

Ní àkókò òjò tó kọjá, a rí i pé gíga omi tí ó yẹ kí ó jẹ́ mítà 0.4 ti di 0.04 nínú èsì wa. Commit tó tó 200 ni ó wà láàárín ìgbà tí èsì ṣì dára àti ọjọ́ náà. A lo git bisect, àṣẹ Git tí ó máa ń dá àárín sí méjì nígbà gbogbo láti wá commit tí àṣìṣe ti wọlé, ní ìdánwò kẹjọ a sì dé orí ìlà náà: `h = h / 1000`, níbi tí ó ti yẹ kí a fi 100 pín in kí sẹ̀ǹtímítà lè di mítà. "Àtúnṣe díẹ̀" péré ni wọ́n kọ sí àlàyé commit yẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni nínú wa gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí ó fi yí nǹkan padà, kò sì sí ohun tó ń wọ ẹ̀ka main (ojúlówó ẹ̀dà kóòdù wa) láìjẹ́ pé ẹlòmíràn ti ka pull request rẹ̀, ìyẹn ìbéèrè pé kí a gba àtúnṣe náà wọlé. Èyí tún ran àwọn àbúrò wa lọ́wọ́: ẹni tí kò lè la ẹnu sọ fún àgbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ní àṣìṣe lè kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ìlà 42, ó jọ pé ìwọ̀n rẹ̀ kò bára mu."

Àwọn ààlà kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀ ṣáájú. GitHub kì í gba fáìlì tó bá ju 100 MB lọ, nítorí náà ibòmíràn ni àwọn àwòrán sátẹ́láìtì wa wà, kóòdù nìkan ni a ń kó síbẹ̀. Àkáǹtì ọ̀fẹ́ kò sì jẹ́ kí a ti ẹ̀ka main pa nínú repo àdáni. Àdéhùn láàárín ara wa ni a fi ń pa òfin kíka pull request mọ́.

Nígbà tí ìwé wa fẹ́ jáde, a ṣí repo náà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, a so ó mọ́ Zenodo, ibi ìpamọ́ iṣẹ́ ìwádìí tí CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, ń bójú tó, ẹ̀dà tí a fi ya àwọn àwòrán inú ìwé sì gba DOI (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí a fi ń tọ́ka sí iṣẹ́ ìwádìí) tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Kánádà náà ti wọlé sínú àkáǹtì ẹgbẹ́. Àwọn ni wọ́n ka pull request tí mo fi síbẹ̀ lálẹ́ àná.