Kámẹ́rà ẹ̀yìn, sẹ́ńsọ̀, àbí kámẹ́rà mẹ́rin: èwo lẹ fẹ́ rà ní Àbújá?

Gọ́tà kì í yọrí sókè. Ìdí nìyẹn tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ kì í fi ké nígbà tí táyà bá ń lọ sínú rẹ̀. Ìró tí etí wa ò gbọ́ ni sẹ́ńsọ̀ ń rán jáde. Ó gbọ́dọ̀ kọlu nǹkan kó tó padà wá. Gọ́tà tí ò lómọrí ní Lugbe tàbí Kubwa ò ní ohun tó máa kọlù. Òpó tín-ín-rín àti ṣéènì náà lè yọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kámẹ́rà á fi gọ́tà hàn yín dáadáa, àmọ́ kò ní sọ bó ṣe jìnnà sí yín gan-an. Ẹni tó bá bi mí pé èwo ni kóun rà nínú méjèèjì, màá ní kó ra méjèèjì.

Ojú kámẹ́rà fẹ̀, ohun púpọ̀ ló ń kó sínú síkírìnì kékeré, ohun tó ti sún mọ́ yín á wá dà bíi pé ó ṣì jìnnà. Àwọn ìlà àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa tó ń yọ lórí síkírìnì láti fi bí nǹkan ṣe jìnnà tó hàn ńkọ́? Orí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ti wọ̀n wọ́n. Bí ẹ bá ń ríbáàsì sí òkè ní Mpape tàbí Katampe, nǹkan tó wà lẹ́yìn sún mọ́ yín ju bí ìlà ṣe wí lọ. Bí ẹ bá kó iṣu kún búùtù, ẹ̀yìn ọkọ̀ á wọlẹ̀, ìlà náà á sì purọ́. Èyí tó burú jù ni lọ́rì tí pákó yọ lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀ ni ìlà ń wọ̀n, pákó sì wà lókè, á ti dé ara yín kí pupa tó dé ẹsẹ̀ lọ́rì. Dígí ẹ̀yìn ni mo fi san owó ẹ̀kọ́ yẹn.

Ìlà tó ń yí tẹ̀lé sítíárìn sàn ju èyí tó dúró gbagidi lọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú ò ní in, ìlà wọn ò sì mọ bí ọkọ̀ yín ṣe fẹ̀ tó. Ẹ gbé kéègì òfìfo sí mítà 1 lẹ́yìn bọ́ńpà, kí ẹ wo ibi tó bọ́ sí lórí síkírìnì. Kí ẹ tó sanwó fún ẹni tó dè é, ẹ ní kí ẹnì kan dúró lápá ọ̀tún lẹ́yìn ọkọ̀. Bó bá yọ lápá òsì lórí síkírìnì, ẹ ní kó yí i padà.

Kámẹ́rà mẹ́rin máa ń wà níwájú, lẹ́yìn àti lábẹ́ dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kọ̀ǹpútà á wá rán àwòrán wọn pọ̀ bíi pé ẹ ń wo ọkọ̀ láti òkè. Bíi ti aṣọ, ojú ìrán wà níbẹ̀, nǹkan kékeré sì lè sá pamọ́ síbẹ̀. Bí ó bá bá ọkọ̀ wá láti ilé-iṣẹ́, ó dára. Bí ẹnì kan bá fẹ́ dè é fún yín láì tẹ́ nǹkan sílẹ̀ yí ọkọ̀ ká láti fi wọn àwòrán rẹ̀ kó lè bára mu, ẹ fi owó yín pamọ́.

Ẹni tó ń wo tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ńkọ́? Láti 1 oṣù karùn-ún 2018, òfin ibẹ̀ sọ kámẹ́rà ẹ̀yìn di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun: kó fi ààyè tó fẹ̀ tó mítà 3, tó gùn tó mítà 6 hàn, kí àwòrán sì tètè yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Ẹ wọ ríbáàsì lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ ka ení, èjì. Bí àwòrán bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti gbá a lẹ́yìn rí.

Lórí páálí, ẹ wá IP67 tàbí IP68, àmì tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe lè dènà eruku àti omi tó. 6 yẹn ni pé eruku ò lè wọ inú rẹ̀ (bí àmì náà bá jẹ́ òótọ́ o). Àmọ́ eruku ọyẹ́ ò nílò àtiwọ inú, ojú kámẹ́rà ló ń bò. Láti oṣù kọkànlá di oṣù kẹta, aṣọ rírọ̀ kan máa ń wà nínú ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi.